Òṣùwọ̀n Kì Í Ṣe Ìwòsàn: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Kátẹ́tà Iṣan Ẹ̀dọ̀fóró

Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn ń lò ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tí àìsàn ti gbé dé bèbè ikú tọ̀sán-tòru, díẹ̀ ni a ti gbé gẹ̀gẹ̀ tí a sì tún bẹnu àtẹ́ lù tó kátẹ́tà iṣan àlọ ẹ̀dọ̀fóró. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 110 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n máa ń tì gba inú iṣan ọrùn, ti abẹ́ eegun ọrùn tàbí ti itan wọ inú ọkàn, kí orí rẹ̀ lè dúró sínú iṣan tí ọkàn fi ń rán ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Láti 1970 tí ó ti jáde, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí àwọn àyẹ̀wò ńláńlá tó sọ bóyá ẹ̀mí àwọn tí wọ́n ń fi í sí lára gùn ju ti àwọn tí a kò fi í sí lára lọ. Ohun tí ìtàn yìí fi yéni ni pé irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan dáadáa lè má wo ẹnikẹ́ni sàn, àti pé irú ẹ̀rí tí a ń béèrè lọ́wọ́ oògùn kí a tó gbé e fún aláìsàn ló yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú, yálà èsì rẹ̀ dùn mọ́ oníṣègùn nínú tàbí kò dùn mọ́ ọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí irinṣẹ́ náà ń ṣe. Apá méjì ni ọkàn ènìyàn ní: apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dín kù láti gbogbo ara, ó sì ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, nígbà tí apá òsì ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti rí ọ́síjìn gbà níbẹ̀, tí ó sì ń fi agbára tì í káàkiri ara. Bí ó bá rẹ apá òsì, ẹ̀jẹ̀ a há sẹ́yìn, ìfúnpá a ga nínú àwọn iṣan ẹ̀dọ̀fóró, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọ inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ títí mímí yóò fi di ìṣòro. Ṣùgbọ́n omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé ọkàn ló fà á, nítorí pé àrùn tó mú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ lè sọ àwọn iṣan ibẹ̀ di ajò, ìtọ́jú àwọn méjèèjì kò sì rí bákan náà. Omi ìfàsára tí yóò gba aláìsàn kan là lè jẹ́ ohun tí yóò pa èkejì, ìwo ojú lásán kì í sì í fìgbà gbogbo fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn.

Bóyá ọkàn ló fa omi náà tàbí ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n ṣe kátẹ́tà náà láti dáhùn. Ní orí rẹ̀ ni bàlúùnù kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ mílílítà kan àbọ̀ ń kún. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni yóò gbé e kọjá àwọn yàrá méjèèjì tó wà ní apá ọ̀tún ọkàn, títí yóò fi há sí ẹ̀ka kan nínú iṣan àlọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní kété tí bàlúùnù bá ti dí ẹ̀ka náà, ẹ̀jẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ yóò dúró jẹ́ẹ́, ìfúnpá tí ẹ̀rọ bá sì kà níbẹ̀ yóò jẹ́ ti apá òsì ọkàn, èyí tí kátẹ́tà fúnra rẹ̀ kò dé rárá. A lè pe èyí ní ìfúnpá ìdínà. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń wà láàárín 6 sí 12 lórí òṣùwọ̀n mílímítà mẹ́kúrì. Bí wọ́n bá sì ti omi tútù gba inú ihò kan nínú kátẹ́tà náà, tí ẹ̀rọ sì wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tutù tó àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí ó tó móoru padà, wọ́n á lè ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ìgboyà àwọn ènìyàn díẹ̀ ló bí ìmọ̀ yìí. Ní 1929, ní ìlú Eberswalde ní Jámánì, dókítà ọ̀dọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Werner Forssmann ti rọ́bà àpò ìtọ̀ gba inú iṣan apá ara rẹ̀ wọ inú ọkàn rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí yàrá X-ray kí wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ìṣègùn ìgbà náà kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó sì padà di oníṣègùn àpò ìtọ̀. Ṣùgbọ́n André Cournand àti Dickinson Richards ní New York gbé iṣẹ́ náà ga ní àwọn ọdún 1940, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Síbẹ̀, abẹ́ X-ray ni wọ́n ti ń darí kátẹ́tà ayé ìgbà náà, èyí tí kò rọrùn fún ẹni tí kò lè kúrò lórí ibùsùn. Jeremy Swan, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles, ló sọ pé òun rí ọkọ̀ ojú omi onígbòkun ní etíkun Santa Monica, tí òun sì rò ó pé bí atẹ́gùn ṣe ń gbé ìgbòkun ni ẹ̀jẹ̀ ṣe lè gbé kátẹ́tà. Òun àti William Ganz, tó ṣí wá láti Czechoslovakia, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé èsì iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, orúkọ àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ṣì fi ń pe kátẹ́tà náà títí di òní.

Irinṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ kíákíá, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Ó sọ ohun tó fara sin di nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn lè rí lójú ẹ̀rọ. Ó fún oníṣègùn ní ìgboyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹni tí ọwọ́ ikú ti ń kàn. Ilé ìwòsàn sì ń gba owó lórí rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ní 1976 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tó fún àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ náà ní agbára láti máa béèrè ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ ìṣègùn kí wọ́n tó gbé e jáde fún títà, kátẹ́tà yìí sì ti wà lọ́jà ṣáájú òfin náà. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1990, wọ́n fojú dá a pé ó ju mílíọ̀nù kan irú kátẹ́tà yìí tí wọ́n ń lò lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà nìkan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti fi ẹ̀rí hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là.

Ewu rẹ̀ kò sì kéré. Níbi tí wọ́n ti ń wá iṣan tí yóò gbà wọlé, abẹ́rẹ́ lè ṣèèṣì gún iṣan àlọ, tàbí kí ó gún ẹ̀dọ̀fóró, tí afẹ́fẹ́ yóò fi jò sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà. Bí rọ́bà náà ti ń kọjá nínú ọkàn, ó lè mú kí ọkàn máa lù ségesège. Ẹni tí ọ̀nà iná apá òsì ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ sì wà nínú ewu pàtàkì, nítorí pé bí kátẹ́tà bá fara kan ọ̀nà iná ti apá ọ̀tún, ọkàn lè ṣíwọ́ lílù. Bí ó bá pẹ́ lára, kòkòrò àrùn lè gba ọ̀nà rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lára, rọ́bà náà lè ta kókó nínú ọkàn, tàbí kí apá kan nínú ẹ̀dọ̀fóró kú nítorí pé bàlúùnù pẹ́ jù níbi tí ó ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí iṣan ẹ̀dọ̀fóró bẹ́. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ju ẹni méjì lọ nínú 1,000, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá ṣẹlẹ̀ sí ló ń bá a lọ, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ìfúnpá iṣan ẹ̀dọ̀fóró wọn ga ló sì máa ń sábà dé bá.

Ewu mìíràn wà tí kò sí nínú rọ́bà náà rárá, èyíinì ni ewu àṣìkà. Ìfúnpá ìdínà máa ń lọ sókè-sódò bí aláìsàn ti ń mí. Ibi tí mímí síta bá parí sí ni a gbọ́dọ̀ ti kà á, ohun èlò tó ń gba ìfúnpá náà sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ọkàn. Ní 1990, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n fi ìbéèrè 31 ṣe fún 496 oníṣègùn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà: ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n gbà jẹ́ ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò sì lè ka ìfúnpá ìdínà bó ti tọ́ láti orí àwòrán tó hàn kedere. Nọ́ńbà tí a ṣì kà burú ju àìní nọ́ńbà lọ, nítorí pé ẹni tí kò ní nọ́ńbà yóò máa ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tọ́ yóò fi ìdánilójú ṣe ohun tí kò yẹ.

Ìkìlọ̀ kò ṣàì wá. Ní 1985, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Eugene Robin, kọ̀wé pé lílo kátẹ́tà náà ti di ohun tí a ń bọ bí òrìṣà, ní 1987 ó sì béèrè bóyá kò yẹ kí wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan gbìyànjú láti wá ẹ̀rí nípa fífi ìbò pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, kí a fi kátẹ́tà sí apá kan lára, kí a má sì fi í sí apá kejì lára, nítorí pé ìbò nìkan ló lè mú kí ẹgbẹ́ méjèèjì bára dọ́gba ní ti bí àìsàn wọn ti le tó. Nínú irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ kan ní Ontario ní Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1991, aláìsàn 33 péré ni wọ́n rí pín, ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú wọn gbà pé ìwà ìkà ni kí a fi kátẹ́tà du aláìsàn. Ìdánilójú tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wá di ìdènà fún ìwádìí tí ìbá fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ní 1996 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Alfred Connors àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìtọ́jú 5,735 aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ márùn-ún ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò bí àìsàn kálukú ti le tó, ikú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ pọ̀ láàárín àwọn tí a fi kátẹ́tà sí lára ju àwọn ìyókù lọ, owó tí wọ́n ná sì pọ̀ jù pẹ̀lú. Àríyànjiyàn gbóná. Àwọn tó fẹ́ràn irinṣẹ́ náà sọ pé wọn kò fi ìbò pín àwọn aláìsàn wọ̀nyí, pé àwọn tí ara wọn burú jù ni a máa ń fi kátẹ́tà sí lára, àti pé kò sí ìṣírò tó lè mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò pátápátá. Òótọ́ wà nínú àtakò yìí, ó sì yẹ kí a rántí rẹ̀, nítorí pé yóò tún wúlò níwájú.

Iṣẹ́ rere tí àríyànjiyàn náà ṣe ni pé ó fipá mú ìwádìí gidi wáyé. Ní 2003, àwọn ará Kánádà gbé èsì tiwọn jáde lórí 1,994 àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ tó léwu fún: ìdá 7.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nílé ìwòsàn láàárín àwọn tó ní kátẹ́tà, ìdá 7.7 láàárín àwọn tí kò ní, ẹni mẹ́jọ sì ni ẹ̀jẹ̀ dídì há sí ní ẹ̀dọ̀fóró nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹyọ ẹnì kan nínú èkejì. Ní ọdún kan náà ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Faransé tó yẹ aláìsàn 676 wò kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ní 2005, àyẹ̀wò PAC-Man ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe 65 ní United Kingdom, lórí aláìsàn 1,041, fi ikú ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún hàn fún àwọn tó ní kátẹ́tà àti ìdá 66 fún àwọn tí kò ní, kátẹ́tà náà sì ṣe nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá tí wọ́n fi í sí lára ní jàǹbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Ní ọdún yẹn kan náà, àyẹ̀wò ESCAPE lórí ẹni 433 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ kò rí àǹfààní kankan ní ti ọjọ́ tí wọ́n lò láàyè lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n aburú tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn jẹ́ ìdá 21.9 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ní kátẹ́tà, ó sì jẹ́ 11.5 fún àwọn ìyókù. Àyẹ̀wò ti 2006 lórí 1,000 ènìyàn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn bàjẹ́ kò sọ ohun tó yàtọ̀.

Kí ló wá fà á tí ìmọ̀ tó pọ̀ sí i kò fi yọrí sí ìlera tó pọ̀ sí i? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kátẹ́tà kì í ṣe oògùn. Igi tí a fi ń wọn jíjìn kànga kì í pọn omi, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà tí kátẹ́tà mú wá kò lè ṣe ju ìtọ́jú tí oníṣègùn gbé ka orí rẹ̀ lọ. Bí ìtọ́jú náà kò bá sí, tàbí tí oríṣiríṣi oníṣègùn bá ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan lórí nọ́ńbà kan náà, ewu rọ́bà nìkan ni yóò kù fún aláìsàn. Lọ́nà mìíràn, àwòrán ọkàn tí a fi ìró yà, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ẹ́kò, ti gbọ́n sí i láàárín àkókò yìí, ó sì ń dáhùn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà fúnra wọn fi ìṣe gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé láàárín 1993 àti 2004, lílo kátẹ́tà náà fún àwọn aláìsàn tí kì í ṣe ti iṣẹ́ abẹ fi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù níbẹ̀.

Kò yẹ, síbẹ̀síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé kí a da irinṣẹ́ náà nù. Ìka tó bá tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú, àwọn ibìkan sì wà tí kò tíì sí ohun tó lè rọ́pò kátẹ́tà. Ọ̀kan ni ìfúnpá gíga inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró, àrùn tí a kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìjẹ́ pé a ti kátẹ́tà wọ inú apá ọ̀tún ọkàn. Láti ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀ràn àgbáyé ti 2018 ni wọ́n ti ń ka ìpíndọ́gba ìfúnpá tó bá kọjá 20 sí àmì rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ 25 tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá nílé àti lẹ́yìn odi, wà lára ohun tó máa ń fà á. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn olùwádìí fi ẹ́kò yẹ àgbàlagbà 398 tó ní àrùn náà wò, ẹ́kò sì fura sí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lo kátẹ́tà, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2011 fi hàn pé ìdá 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìfúnpá gíga náà lóòótọ́. Ẹ́kò nìkan ìbá ti gbé oògùn olówó gọbọi, tó sì ní ewu tirẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò nílò rẹ̀. Níhìn-ín, ìbéèrè ṣe gúnmọ́ wà, ìdáhùn rẹ̀ ń yí ìtọ́jú padà, àkókò kúkúrú sì ni kátẹ́tà ń lò lára kí wọ́n tó yọ ọ́. Àwọn tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ọkàn wọn, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ sí lára, wà nínú ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú.

Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn oníṣègùn ọkàn tún ti ń padà sídìí kátẹ́tà fún àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ tó tó ara. Wọ́n ní àwọn àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn fi hàn pé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí a bá wọn gbogbo ìfúnpá ọkàn rẹ̀ pé ń yè ju ẹni tí a kò wọn ti rẹ̀ lọ, àti pé àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kan irú àwọn ènìyàn báyìí. Àlàyé wọn mọ́gbọ́n dání, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n a kò fi ìbò pín àwọn inú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí a kò ti fi ìbò pín àwọn ti 1996. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn tí ìrètí ìyè wọn pọ̀ ni a ń wọn, tàbí pé ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ jù ló ń lò ó. Àtakò tí wọ́n fi kọ ẹ̀rí tó dojú kọ kátẹ́tà nígbà náà kò yẹ kó di ohun ìgbàgbé nísinsìnyí tí irú ẹ̀rí kan náà ń gbè é lẹ́yìn. Òṣùwọ̀n kan náà ló yẹ fún méjèèjì, àyẹ̀wò oníbò nìkan ló sì lè parí ẹjọ́ náà.

Àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń ti àpò ara wọn san owó ìtọ́jú, lè jèrè ìrírí yìí láìsan owó tí àwọn mìíràn ti san lórí rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kò pọn dandan kí yàrá ìtọ́jú àkànṣe gbogbo ní kátẹ́tà yìí kí a tó kà á sí ti ìgbàlódé. Ohun tó pọn dandan ni ẹ́kò tó ń ṣiṣẹ́, àwọn tó mọ bí a ti ń kà á, àti iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú. Ibi tí a bá sì ti fẹ́ máa lo kátẹ́tà, ó sàn kí a kó o jọ sí ilé ìwòsàn díẹ̀ tí iṣẹ́ yóò pọ̀ tó kí ọwọ́ àwọn oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè mọ́ ọn, kí wọ́n máa dán agbára wọn láti ka ìfúnpá wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò gbangba. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn ní ojúṣe tirẹ̀: kí ó máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe fún ẹ̀mí aláìsàn, kó má ṣe tẹ́tí sí bí nọ́ńbà rẹ̀ ti tọ́ tó nìkan.

Ìdílé aláìsàn náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé: kí ni ìbéèrè tí a fẹ́ kí kátẹ́tà dáhùn, kí ni a ó ṣe lọ́tọ̀ bí ìdáhùn bá ga tàbí bí ó bá lọ sílẹ̀, ta ni yóò kà á, ọjọ́ wo ni a ó sì yọ ọ́? Oníṣègùn tó bá ní ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdí láti gbé abẹ́rẹ́. Èyí tí kò bá ní in, kí ó fi kátẹ́tà sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, kí ó sì máa fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣọ́ aláìsàn náà dáadáa.